Rolling Stones lẹ́yìn ọdún 1981: orin tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé ilé kan ní Hackney, kò jìnnà sí ọjà Ridley Road. Òyìnbó kan nínú wa jogún gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù Rolling Stones, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, òun ló kó àìsàn orin wọn ràn wá. Ó ní láti orí Tattoo You ti 1981 ni wọn ò ti ṣe orin gidi kankan mọ́. Ẹnìkejì ní irọ́ ni, pé 'Sweet Sounds of Heaven' ti 2023 ju ìdajì orin àtijọ́ wọn lọ. Èmi ní inú A Bigger Bang ni orin tó dáa jù wà. Lálẹ́ Sátidé, díẹ̀ ló kù ká fi ìjà parí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, nínú àwọn àwo ìgbà àgbà wọn, orin wo gan-an ló dáa jù? Ẹ má fi orin mẹ́wàá dá wa lóhùn o."

Àbúrò mi, mo gbọ́. Orin kan lo ní kí n mú, mo mú un: "How Can I Stop", orin tó kẹ́yìn nínú Bridges to Babylon ti ọdún 1997. Keith Richards, onígìtá wọn, ló fẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́, kì í ṣe Mick Jagger tó sábà máa ń kọrin fún wọn. Mo mọ̀ pé kò sí èyí tó máa dárúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí yín, èmi náà ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, kí n rò ó bó ṣe jẹ́.

Ká kọ́kọ́ bá ọ̀rẹ́ yín oní-1981 wí, torí ẹjọ́ tiẹ̀ ló rọrùn jù. Tattoo You dáa, mi ò jiyàn. Àmọ́ ká sọ òótọ́, àwo yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọdún 1981. Ìrìn àjò orin ti wà níwájú wọn, orin tuntun ò sì sí nílẹ̀, ni Chris Kimsey tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní sítúdíò bá lọ tú àwọn téèpù àtijọ́ wò. "Start Me Up" ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ń ṣe Some Girls tó jáde ní 1978. "Waiting on a Friend" ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìparí 1972 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Kingston, ní Jàmáíkà. Wọ́n kàn da ohùn tuntun lé e ni, wọ́n sì pe Sonny Rollins, ògbóǹtarìgì afunfèrè jáàsì, kó wá fun sakisofóònù sí i. Ẹni tó bá ní ọdún 1981 ni orin wọn parí, àwọn ọdún 1970 ló ń yìn tí kò mọ̀. Ọbẹ̀ àná ni wọ́n gbé kaná, ó sì dùn. Ọbẹ̀ àná a máa dùn.

Ibo ni ìgbà àgbà wọn ti wá bẹ̀rẹ̀? Lójú tèmi, 1989 ni. Ṣáájú ìgbà yẹn, ilé ti fẹ́ tú. Jagger gbé àwo tara rẹ̀ jáde ní 1985, inú Keith ò dùn sí i rárá. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni Ian Stewart kú, ẹni tó ti ń tẹ dùùrù fún wọn láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí Dirty Work, àwo wọn ti 1986, bá ti ń parí, wàá gbọ́ dùùrù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Jagger kọ̀, kò bá àwo yẹn rìnrìn àjò. Keith náà ṣe tirẹ̀ ní 1988. Wọ́n ń bú ara wọn nínú ìwé ìròyìn bí orogún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1989 ni àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ní erékùṣù Barbados, wọ́n gbé gìtá, orin sì jáde. Òun ló di Steel Wheels.

Láti ìgbà náà títí di 2023, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbáko, àwo orin tara wọn ò ju márùn-ún lọ: Steel Wheels, Voodoo Lounge ní 1994, Bridges to Babylon, A Bigger Bang ní 2005, àti Hackney Diamonds. Ẹ̀kẹfà wà, Blue & Lonesome ti 2016, ṣùgbọ́n orin búlúùsì àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, irú Little Walter àti Howlin' Wolf, ni wọ́n tún kọ níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, Jagger sì fun hàmóníkà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọ dáadáa, àmọ́ orin olórin ò lè wọ ìdíje yìí.

Ohun tó ń fa ìjà yín gan-an, sídì ni. Má rẹ́rìn-ín. Some Girls ní orin mẹ́wàá, bí ogójì ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù ayé ìgbà yẹn ò fẹ́ kó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó bá gùn jù, ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Dandan ni kí wọ́n gé. Nígbà tí sídì dé, àyè fẹ̀ dé wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó mú ọ̀bẹ dání mọ́. Voodoo Lounge, orin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A Bigger Bang, mẹ́rìndínlógún. Nínú mẹ́rìndínlógún yẹn, màá ní márùn-ún jẹ́ omi lásán. Kálukú wá ń bu ẹran tó wù ú nínú ìkòkò ńlá, ó ń bá ẹnìkejì jà pé ẹran tòun ló tóbi. Bó bá jẹ́ orin mẹ́wàá péré ni wọ́n kó sínú A Bigger Bang, ìwọ àti òyìnbó yẹn ì bá ti máa sọ nǹkan kan náà.

Èyí tó tún ń ṣini lọ́nà ni àwọn orin tí wọ́n ń jù síta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. "Mixed Emotions", "You Got Me Rocking", "Rough Justice", "Angry": etí rẹ á ti mọ̀ wọ́n kí ìlà àkọ́kọ́ tó parí. Keith a yọ okùn tó nípọn jù kúrò lára gìtá, á ku márùn-ún, á wá dè wọ́n kó lè jẹ́ pé bó o bá kàn fọwọ́ gbá gbogbo wọn láìtẹ ìkankan mọ́lẹ̀, wọ́n á bára mu, á sì dún bí ẹni pé ènìyàn mẹ́ta ló jọ ń ta á. Àtinú ètò yẹn ni ọ̀pọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ orin wọn tí gbogbo ayé mọ̀ ti jáde láti ìparí àwọn ọdún 1960. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Lórí pápá, níwájú ogunlọ́gọ̀, irú orin bẹ́ẹ̀ á mi ilẹ̀. Ṣùgbọ́n jókòó sílé, fi "Rough Justice" sẹ́gbẹ̀ẹ́ "Brown Sugar" ti 1971. Bàbá kan ló gbé aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Aṣọ náà ṣì dáa. Bọ́tìnnì ni kò dé ojú ihò mọ́.

Bí mo ṣe ń wọn orin àgbà nìyí. Àwọn bàbá wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni mo máa ń wá. Mo máa ń bi ara mi pé, ṣé wọ́n lè ṣe orin yìí nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n? Bó bá jẹ́ pé wọ́n lè ṣe é, a jẹ́ pé wọ́n ti ṣe é nígbà náà, wọ́n sì ṣe é dáa ju èyí lọ. Bí wọn ò bá lè ṣe é, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ.

Bó o bá gbé ìwọ̀n yìí kalẹ̀, orúkọ tó máa ń wá sókè ni Keith, ẹni tí kò lóhùn. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò lóhùn. Sìgá ti fọ́ ọ, ọtí ti fọ́ ohun tó kù. Ṣùgbọ́n gbọ́ "Slipping Away" tó parí Steel Wheels, kó o wá gbọ́ "The Worst" nínú Voodoo Lounge, tí kò tó ìṣẹ́jú méjì àbọ̀. Níbẹ̀ ló ti ń kìlọ̀ fún obìnrin pé òun kọ́ ni kó gbára lé, bí ẹni tí àánú ń ṣe. Ọmọ ogún ọdún tó bá kọ irú ẹ̀, ìgbéraga ni. Lẹ́nu ẹni àádọ́ta ọdún, ìjẹ́wọ́ ni.

"Thru and Thru" tún wà nínú àwo yẹn kan náà. Gìtá kan, ohùn tó ń kùn, kò sí ìlù. Á pẹ́, á pẹ́, wàá rò pé Charlie Watts, onílù wọn, ti sùn lọ. Nígbà tí ìlù wá já wọlé, ife orí tábìlì rẹ á fò. Eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kan tó gbajúmọ̀ lò ó ní ọdún 2000, ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò bìkítà fún Stones tẹ́lẹ̀ sì ti ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bó o bá ní òun ló dáa jù, mi ò ní bá ẹ jà. Nínú àwo náà ni orin kan wà, "Moon Is Up", tó jẹ́ pé garawa ìdalẹ̀nù ni Charlie ń lù níbẹ̀, lórí àtẹ̀gùn, kó lè dún bó ṣe fẹ́.

(Ẹnìkan bi mí nígbà kan pé ṣé àwọn Stones ti di oníṣẹ̀ṣe ni tí wọ́n fi sọ àwo wọn ní Voodoo. Rárá o. Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ àwọn Fọn ní Benin, aládùúgbò wa, ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, vodun ni wọ́n ń pe òrìṣà. Ṣùgbọ́n ológbò kékeré kan ni Keith rí he nínú òjò ní Barbados, ó sọ ọ́ ní Voodoo torí pé kò kú. Ibi tí ológbò náà máa ń jókòó sí ni wọ́n fi sọ àwo.)

Ó kan tìẹ, A Bigger Bang. O sún mọ́ òótọ́ ju bó o ṣe rò lọ. Ní 2004 wọ́n sọ fún Charlie pé ó ní jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun, ó sì lọ gba ìtọ́jú. Bí Mick àti Keith ṣe bá ara wọn láwọn nìkan nílé Mick ní ilẹ̀ Faransé nìyẹn, kò sí onílù, kò sí agbo àwọn tó ń báni ta gìtá, bí ìgbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọdé ní Dartford. Mick fúnra rẹ̀ gbé béèsì. Nínú "Back of My Hand", òun náà ló ń fi irin fa ojú okùn gìtá, ó sì fà á dáadáa, èyí tí kò sẹ́ni tó retí lọ́wọ́ rẹ̀. Orin yẹn dún bí ọ̀sán gbígbóná ní Mississippi. Àmọ́ mo fura pé "Laugh, I Nearly Died" ni tìẹ, àbí? Mo gbà. Ọkùnrin tó rìn títí, tó ní òun wá ọkàn òun dé Áfíríkà, kò rí i. Ní ìparí rẹ̀ gbogbo irinṣẹ́ dákẹ́, ó ku ohùn nìkan, ohùn lórí ohùn. Ipò kẹta ni mo fi sí, torí pé Jagger ṣì ń ṣeré orí ìtàgé díẹ̀ níbẹ̀. Ó mọ̀ pé a ń wo òun.

"Sweet Sounds of Heaven", látinú Hackney Diamonds, ló wà ní ipò kejì. Ó gùn ju ìṣẹ́jú méje lọ. Stevie Wonder ló wà nídìí dùùrù, Lady Gaga ń gbe Jagger lẹ́yìn, orin náà ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí fèrè fi wọlé. Ó dúró. O ti ń wá ohun tó o máa gbọ́ tẹ̀ lé e, dùùrù tún rọra sọ nǹkan kan, Gaga dá a lóhùn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó rí nínú ìsìn àwọn aláṣọ funfun mọ ọgbọ́n yìí: gbogbo ìjọ ti jókòó tán, ẹnìkan kàn ṣàdédé gbá agogo lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di ijó títí di agogo mẹ́ta. Jagger ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà tí àwo yẹn jáde, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n. Ẹ̀sùn tí mo fi kàn án kò ju ọ̀kan lọ: àlejò ló gbé e dé òkè. Yọ Gaga kúrò níbẹ̀, orin tó dáa ló kù, kì í ṣe orin ńlá.

Àbúrò, níwọ̀n ìgbà tó o ti ń gbé Hackney, o mọ Hackney Empire ní Mare Street. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kéde àwo náà ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Bóyá o sì mọ ohun tí àwọn ará London ń pè ní "Hackney diamonds": gíláàsì wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tó máa ń dà sílẹ̀ nígbà tí olè bá fọ́ fèrèsé mọ́tò. Èmi ti ní dáyámọ́ǹdì Hackney tèmi ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ṣáájú kí Jagger tó fi sọ àwo.

Ní 1998, Clapton ni mò ń gbé, Croydon ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan mo dé ìdí mọ́tò, gíláàsì ló kún orí ìjókòó. Wọ́n ti gbé báàgì sídì mi lọ, nǹkan bí ogójì: Sunny Adé, Obey, Barrister, gbogbo ohun tí mo fi ń mọ́kàn kúrò lára òtútù. Wọ́n gbìyànjú láti fa rédíò yọ, kò yọ. Sídì kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún mi ni èyí tó wà lẹ́nu rédíò yẹn, Bridges to Babylon. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀. Orin kẹta tàbí ìkẹrin ni mo ti máa ń pa á.

Ká sòótọ́, àwo yẹn rí jákujàku. Ó ju pùròdúsà mẹ́ta lọ tó ń dáná nínú ilé ìdáná kan. Mick fẹ́ ìlù ẹ̀rọ, Keith ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Nínú "Saint of Me", orin tó dáa tí àwọn èèyàn ṣì ń bá wọn kọ lágbo, Keith ò ta gìtá rárá. "Anybody Seen My Baby?" ló tún pani lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ti ṣe é tán kí ọmọbìnrin Keith tó gbọ́ ọ, tó sì fi ègbè orin k.d. lang kan, "Constant Craving", kọ ọ́ mọ́ wọn létí. Ó bára mu rẹ́gí. Wọ́n yára kọ orúkọ k.d. lang àti Ben Mink tó bá a kọ orin rẹ̀ mọ́ tiwọn kí lọ́yà tó dé.

Owó ò sí lọ́wọ́ láti ra sídì míì, mo fi í sílẹ̀ kó máa kọ. Àwo náà ju wákàtí kan lọ díẹ̀, mi ò sì gbọ́ ọ dé òpin rí, àfi ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ tí ọkọ̀ ò sì lọ ní Brixton Hill. Mo ti lẹ ọ̀rá mọ́ ojú fèrèsé tó fọ́, afẹ́fẹ́ ń lù ú. Ni "How Can I Stop" bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ló wọlé, bí orin ìfẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ìgbà tí mo wà ní kékeré. Keith ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà léraléra, kò sì dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ ya ní ibi tí ó yẹ kó ya. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú méje. Nígbà tó o bá rò pé ó ti ń lọ sílẹ̀, Wayne Shorter á gbé sakisofóònù kékeré, èyí tó rí gbọọrọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fò lókè gbogbo wọn. Shorter tí mò ń wí yìí bá Miles Davis ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1960. Ibi tó wù mí jù wá dé. Charlie Watts, ọmọ jáàsì tí rọ́ọ̀kì gbé lọ, ti ń di àkókò mú fún àwọn èèyàn yìí láti oṣù Kìíní 1963, bí ẹni di okùn màlúù mú. Ní ìparí orin yìí, ó tú okùn náà sílẹ̀. Kò ka mẹ́rin mọ́. Ó ń da ọ̀pá ìlù káàkiri orí àwo bàbà, ó ń yí i, ó ń tẹ̀ lé fèrè Shorter bí omi tó ń tẹ̀ lé kòtò, títí gbogbo rẹ̀ fi dákẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń tẹ fèrè mọ́tò nígbà yẹn, torí ọ̀nà ti là níwájú mi, mi ò sì lọ.

Òyìnbó yẹn á ní Shorter náà kì í ṣe àlejò ni? Àlejò ni. Ṣùgbọ́n ó dé nígbà tí oúnjẹ ti jinná tán, ó kàn bá wọn jẹun ni. Á tún ní orin tí Mick ò fẹnu sí, ṣé orin Stones ni? Kó dákẹ́ o. Láti oṣù Kẹjọ 2021 tí Charlie ti kú, mo ti mọ ẹni tí wọn ò lè ṣe láìní. Nínú Hackney Diamonds orin méjì péré ni ìlù rẹ̀ wà, "Mess It Up" àti "Live by the Sword", etí rẹ á sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀ láìsí pé ẹnì kan tọ́ka sí i. Steve Jordan lu ìyókù dáadáa. Dáadáa yàtọ̀ sí Charlie.

Bí Sátidé bá tún dé, ẹ má jà. Kí kálukú mú orin mẹ́wàá látinú àwo márùn-ún yẹn, kó má ju ogójì ìṣẹ́jú àti díẹ̀ lọ, kí ẹ gbọ́ ti ara yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí oní-1981 bá ní òun ò ní ṣe, ẹ bi í ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ "Waiting on a Friend". Tèmi fi "Out of Control" bẹ̀rẹ̀, o sì mọ èyí tó parí rẹ̀. Mo kà á fún ìyàwó mi lánàá, ó ní bí "Streets of Love" ò bá sí níbẹ̀, òun ò ní jẹ́ kí n ta á nínú mọ́tò. Ó ti di mọ́kànlá.